Ìyálé Ẹ̀yìn Ògiri

Ilé mẹ́rìndínlógún ló wà ní klóòsì tí Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí ń gbé ní Festac. Nínú mọ́kànlá nínú wọn, arúgbó kan ṣoṣo ló kù sílé, pẹ̀lú géètì ńlá àti ajá tí kò rẹ́ni gbó mọ́. Àwọn ọmọ ti lọ sí Kánádà, wọ́n ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìyá sì ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti lọ gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún oṣù kan ni wọ́n kọ́ ìlú náà fún ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àlejò ti lọ tipẹ́. Àwọn tó gba ilé lẹ́yìn wọn náà ti ń ṣe bí àlejò.

Bernice, ìyàwó Adébánjí, lọ sọ́dọ̀ Olúwafúnmilọ́lá ọmọ wọn ní Kánádà fún oṣù mẹ́ta. Ó ti di ọdún mẹ́rin. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọkùnrin náà máa ń bèèrè ìgbà tí yóò dé. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ọmọ wọn fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́ sí i, kámẹ́rà dúdú tí ojú rẹ̀ ń nà jáde bí ọrùn ìjàpá. "Kí ẹ lè máa rí nǹkan ṣe, Dádì." Adébánjí mọ ihò tí wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà náà dí. Ó gbà á. Kò bèèrè ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ yóò dé mọ́.

Lẹ́yìn ilé rẹ̀, lẹ́yìn ògiri tó kọjú sí ìhà Amúwo, igbó kan ṣẹ́kù. Kì í ṣe igbó ńlá. Ẹrẹ̀ ni, pẹ̀lú igi ọ̀gọ̀rọ̀, ewé kókò, òjúoró tó bo kánáàlì mọ́lẹ̀, àti ọ̀rá tí àwọn èèyàn ti mu omi inú rẹ̀ tán tí wọ́n jù sí i. Ojú ààtàn ni gbogbo klóòsì fi ń wò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Adébánjí wọ bàtà òjò tó fi ń fọ mọ́tò, ó gba ibi tí ògiri ti wó kọjá, láti ọjọ́ náà kò sì lè lo ọjọ́ méjì kó má padà síbẹ̀. Ó ya olú tó hù lára igi jíjẹrà, tó pupa tó sì rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ó ya ẹ̀gà níbi tó ti ń hun ilé. Ó ya òwú aláǹtakùn tí ìrì so mọ́, ó ya ẹlúlùú lórí ògiri, ó ya ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò tó èékánná. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́.

Ó ní àṣà kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ya máàpù fún ìjọba àpapọ̀. Dennis, ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, a máa ju ìwé padà lu èèyàn láyà bí kò bá kọ ibi tí nǹkan wà sí i. "Máàpù tí kò bá sọ ibi tí nǹkan wà," Dennis á ní, "àwòrán lásán ni." Dennis ti kú. Gbólóhùn náà ò kú. Gbogbo àwòrán tí Adébánjí bá lọ tẹ̀ jáde ní Mazamaza, ó máa ń fi bírò kọ nǹkan mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀: ọjọ́, aago, ibi. Igi wo. Ìṣísẹ̀ mélòó. Ìhà ibo. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Kò sì sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: ẹnì kan péré tí yóò mú àwòrán kan lọ́wọ́ kó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó fi àwòrán olú náà sórí wọ́sáàpù àwọn onílé klóòsì. Ènìyàn mẹ́ta kọ "Àmín" sí i. Ẹnì kẹrin kọ "Àmín lórúkọ Jésù", ó sì fi ìpolówó ilẹ̀ títà tẹ̀ lé e. Ó fi ẹ̀gà ránṣẹ́ sí Bernice. Ó rí i pé ó ti kà á. Ní ọjọ́ kejì, àwòrán àtàǹpàkò kan dé láti Kánádà, àtàǹpàkò aláwọ̀ ìyeyè tí kò ní ọwọ́ tó bá a wá.

Nínú igbó náà ni awọ́nríwọ́n kan wà, alángbá ńlá etí omi, tí Adébánjí sọ ní Ìyálé, nítorí ó dá a lójú pé ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ ògiri. Ó gùn ju ìbú ilẹ̀kùn lọ. Awọ rẹ̀ dúdú, ìlà ìyeyè ara rẹ̀ sì ti ń ṣá. Ṣóńṣó ìrù rẹ̀ ti gé nígbà kan rí, ó wá parí kùdù bí ìdí bírò tí ọmọ ilé-ìwé ti jẹ lẹ́nu. Òun ni Adébánjí fi ń dá a mọ̀. Ọdún méjì ló fi kọ́ bí a ti í sún mọ́ ọn. Ó kọ́ láti jókòó láìmira. Ó kọ́ láti má fi ìpara ẹ̀fọn para, kí òórùn rẹ̀ má baà dẹ́rù bà á. Ìyálé náà kọ́ tirẹ̀: ó kọ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó bá ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ewu.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, lẹ́yìn òjò ńlá kan, ó bá a níbi tó ti ń fi èékánná gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkìtì ikán. Ó gbẹ́ ẹ títí orí rẹ̀ fi wọlé, títí ejìká fi wọlé. Ó lé ní wákàtí kan kó tó jáde, ikùn rẹ̀ sì ti di pẹlẹbẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ikán ti dí ihò náà padà, ó dán bí ògiri tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ikán fúnra wọn ló ti ẹyin mọ́lé. Ooru ilé wọn ni yóò pa á. Àkọ́rọ̀ òjò ọdún tó ń bọ̀ ni yóò rọ ilẹ̀ náà kí àwọn ọmọ lè rí ọ̀nà jáde. Adébánjí kà á lórí fóònù, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya òkìtì náà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: *Ẹyin wà nínú.* Ó kọ ibi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó rí i gan-an, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì nínú igbó, bí ẹni tó fẹ́ pe ẹnì kejì rẹ̀ pé wá wò ó. Ẹ̀fọn ló wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mọ́tò rẹ̀ kọ̀, kò jí. Ó pe Ọ̀jẹ̀túndé, ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe nítòsí ibi tí ògiri ti wó. Ọmọ ìlú Tẹdé ni, bí ẹni ogójì ọdún, tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tó parí iṣẹ́, ó wọlé wá fọwọ́. Àwọn àwòrán wà lórí tábìlì oúnjẹ. Ó mú ọ̀kan.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Dádì! Ẹ̀yin lẹ ya eléyìí?"

"Èmi ni."

"Awọ́nríwọ́n nìyí o! Ó mà ti dàgbà. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ẹ̀yìn ògiri yìí náà ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ gan-an."

"Irọ́! Níbi tí mo ti ń tọ̀ lójoojúmọ́?"

"Bóyá ó ti ń wò ọ́."

Ọ̀jẹ̀túndé bú sẹ́rìn-ín. Ó ya Adébánjí lẹ́nu bí ẹ̀rín ṣe ń dún nínú yàrá náà; ó ti gbàgbé.

"Ṣé akọ ni àbí abo?"

"Abo. Ìyálé ni mo ń pè é."

"Ìyálé! Màmá Kánádà gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí o. Aago mélòó ni Ìyálé máa ń jáde?"

"Bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó máa ń yáàrùn lórí igi kan tó wó sómi."

"Kì í sá féèyàn?"

"Kì í sá fún mi."

Ìbéèrè mẹ́fà ni Ọ̀jẹ̀túndé bi í. Adébánjí kà wọ́n lẹ́yìn tó lọ tán. Láti ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bi í ní méjì tẹ̀ lé ara wọn. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ létòlétò, bí ẹni tó jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé ń lọ, ó fi àwòrán náà lé e lọ́wọ́.

"Mú un lọ. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀jẹ̀túndé yí i padà, ó ń fi ètè ka ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: *Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ tó wó sínú omi. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógójì láti ibi tí ògiri ti wó, ìhà ìwọ̀-oòrùn.*

"Háà. Dádì, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Èèyàn ńlá ni yín." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Adébánjí rò pé àwòrán ló ń dúpẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ya gbogbo odò orílẹ̀-èdè yìí sórí ìwé kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹnì kan ń fi aago tí ẹran ń jáde ṣe. Kì í ṣe pé kò lè bi ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì fẹ́ kó bàjẹ́.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi gbádùn rẹ̀. Ní àràárọ̀, bó bá ń lọ sígbó, Ọ̀jẹ̀túndé á fi àkísà nu bẹ́ńṣì fún un.

"Dádì, ìyàwó yín ẹ̀yìn ògiri ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ní kí n kí ọ."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o. Ẹ ní mi ò tọ̀ síbẹ̀ mọ́."

Lẹ́yìn náà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, Adébánjí ò jáde. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n kan géètì. Ọ̀jẹ̀túndé ni, òun àti Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n gbé kúlà kékeré kan dání. Adébánjí kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kan géètì rẹ̀ kẹ́yìn ní Sátidé. Ó mú wọn wọlé. Ó kó àwo jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí eruku lára wọn, ó kó wọn sẹ́yìn kí àwọn àlejò má baà rí i, ó lọ fọ̀ wọ́n. Àga mẹ́fà ló yí tábìlì náà ká. Lọ́jọ́ náà, ènìyàn mẹ́ta jókòó níbẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣí i, Dádì," ni Ọ̀jẹ̀túndé wí.

Ó ṣí i. Ooru ata àti ewé èfìnrìn bò ó lójú. Nígbà tí ooru náà lọ, ó rí itan kan. Ó rí ìrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìrù náà parí kùdù.

"Ọdẹ ni bàbá mi," Ọ̀jẹ̀túndé ń sọ. "Nílé wa, ẹni tó bá fi ibi tí ẹran wà han ọdẹ, itan àti ìrù ni tiẹ̀. Ọdẹ tó bá jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìbọn rẹ̀ ò ní dún mọ́. Mo ní mi ò ní ṣe bí ọmọ Èkó sí yín. Àti pé Dádì, ẹ mọ nǹkan kọ! Aago mẹ́wàá kọjá ogún, igi tó wó, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógójì. Mo kà á. Mẹ́rìnlélógójì géérégé! Kò tiẹ̀ sá. Ó kàn ń wò mí bí mo ṣe ń bọ̀."

Ọdún méjì ló fi kọ́ ọ láti má sá.

Ojú Ọ̀jẹ̀túndé mọ́. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, kò sí olè. Ní ibi tó ti wá, kò sí ìdí mìíràn tí ọkùnrin kan fi ń sọ ibi tí ẹran wà, àti aago tó ń jáde, fún ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Adébánjí ló kọ ọ́. Ó kọ ọ́ kedere, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé e lọ́wọ́.

Àjíkẹ́ ń wò ó. "Mo sọ fún un," ló wí. "Mo ní àwọn ará Festac yìí ò mọ̀ ju ẹja inú agolo lọ. Ó ní Dádì yàtọ̀."

"Dádì yàtọ̀ jàre. Àbí ẹ kì í jẹ ẹ́ ni?"

Adébánjí mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó sì mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e: wọn á tọrọ àforíjì, wọn á dọ̀bálẹ̀, wọn á kúnlẹ̀, wọn á gbé kúlà wọn, wọn ò ní wá mọ́.

"Mo máa ń jẹ ẹ́," ló wí.

Ó jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Ó jẹ itan náà tán, ó fa egungun rẹ̀, nígbà tí Àjíkẹ́ sì bi í bóyá ata ò ti pọ̀ jù, ó ní ó dùn. Ó dùn lóòótọ́. Àwọn tó máa ń yára dárí jini yóò ní ìdánìkanwà ló jẹ ẹ́. Ìdánìkanwà ò ní eyín.

Ọ̀jẹ̀túndé lá ìka rẹ̀. "Ohun kan ló dùn mí, Dádì. Ikùn rẹ̀ ṣófo. Ẹyin rẹ̀ dùn ju ẹran rẹ̀ lọ fíìfíì, ó sì dájú pé kò pẹ́ tó yé e síbì kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wò ó, ẹ ò mọ ibi tó yé e sí?"

Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì ṣí àwọn àwòrán orí tábìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Olú. Ẹ̀gà. Ó kan òkìtì ikán.

"Kí lèyí?"

Ìka rẹ̀ ti wà létí bébà náà, ó fẹ́ yí i padà kó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Adébánjí na ọwọ́, ó tẹ àwòrán náà mọ́ tábìlì. Òróró ọbẹ̀ ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀.

"Òkìtì ikán lásán ni. Ọwọ́ mi ló ṣì í yà."

"Àbí Dádì ti mọ̀ ọ́n, wọ́n fẹ́ dá a jẹ!" Àjíkẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Mi ò mọ ibi tó yé e sí."

"Ẹ bá wa máa ṣọ́ ọ nígbà náà," ni Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ tàkọ́kọ́. A ó tún wá jókòó báyìí. Àjíkẹ́ á gúnyán."

A ó tún wá jókòó báyìí. Kò ní ná Adébánjí ju kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí bébà kan lọ. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, títí wọ́n fi dìde, kò sì lè fi ọwọ́ náà juwọ́ sí wọn nígbà tí wọ́n ń lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ọ̀jẹ̀túndé ń bèèrè. "Dádì, ẹyin ńkọ́?" "Mi ò tíì rí i." Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì, kò bèèrè mọ́. Ní oṣù kìíní, ó to bátìrì sórí bẹ́ńṣì náà. Kò ní Adébánjí sínú; ibi tí yóò to bátìrì sí ló ń wá. Ó ṣì ń kí i, "Ẹ káàárọ̀, Dádì," láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, láìgbórí sókè. Ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, Adébánjí á dé ibi igi tó wó. Oòrùn á ti wà lórí rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù kẹrin. Ní òwúrọ̀ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ó bá ihò tuntun kan lára òkìtì náà, orí kékeré kan sì wà ní ẹnu ihò. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Orí náà jáde, ọrùn tẹ̀ lé e, ó dúdú, àmì ìyeyè sì tò sí i lára bí ẹni fi ṣóńṣó igi ìṣáná tò ó. Kò gùn ju bírò lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó ka mọ́kànlá. Ó ya àwòrán kan ṣoṣo.

Ọ̀kan nínú wọn rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń yọ ahọ́n, ó ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò, títí tí kò fi ju apá kan lọ sí ojú rẹ̀. Adébánjí wò ó. Ó bu ẹrẹ̀ sọ́wọ́, ó jù ú sí iwájú rẹ̀. Ẹranko náà fò sẹ́yìn. Adébánjí dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, ó ń bu ẹrẹ̀ jù sí ọ̀tún àti òsì, ó ń pariwo tí kò lọ́rọ̀ nínú, títí gbogbo wọn fi tú ká sínú omi, tí òjúoró padé lórí wọn. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dídọ̀tí. Kò sí ìkankan tó bojú wẹ̀yìn.

Ó gba ibi ògiri kọjá. Ọ̀jẹ̀túndé gbórí sókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta.

"Dádì! Ẹrẹ̀ ti gbé yín mì lónìí o! Mo gbọ́ ariwo. Kí lẹ rí?" Ó ti ń gbé bátìrì kan kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó ń wá àkísà. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó díẹ̀. Ẹ rí nǹkan, àbí?"

Adébánjí wo àyè tó ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì náà. Ó fẹ̀ tó ìdí ènìyàn kan.

"Omi lásán ni. Mo ṣubú. Mi ò rí nǹkan kan."

Ọ̀jẹ̀túndé wo kámẹ́rà ọrùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "Ó dáa, sà," ló wí. Ó gbé bátìrì náà padà.

Lọ́jọ́ kejì, Adébánjí lọ tẹ àwòrán náà jáde ní Mazamaza. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó yí i padà, ó kọ ọjọ́. Ó kọ aago. Bírò náà dúró níbi tó yẹ kó kọ ibi sí, ó pẹ́ níbẹ̀, ó fi àmì dúdú kékeré kan sílẹ̀. Kò kọ ọ́. Ó gbé àwòrán náà lé orí èyí tí òróró àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára, ó pa fáìlì dé, ó sì lọ fọ àwo rẹ̀, ẹyọ kan.